Bí mo ṣe ń fọ táǹkì epo ọkọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ (ẹ jọ̀ọ́ ẹ yé fẹnu fa epo!)

Ẹ káàbọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pariwo pé ọkọ̀ yín ò stáàtì mọ́, mo ti gbọ́, ọ̀rọ̀ yín la fẹ́ sọ lónìí. Láti May 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ọ̀pọ̀ ló ti páàkì mọ́tò sílé tí wọ́n ń wọ dáńfó kiri, kò burú, àmọ́ epo tẹ́ ẹ fi sínú táǹkì ò mọ̀ pé ẹ ń ṣọ́wó ná, ó ń bàjẹ́ lọ ní tiẹ̀ ni. Bẹntiróòlù, tó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ó ti ń yí nìyẹn. Èyí tó fúyẹ́ nínú ẹ̀ á fẹ́ lọ, èyí tó kù á ki, á wá máa lẹ̀ mọ́ gbogbo nǹkan.

Camry 2000 lèyí. Bátìrì tuntun ló wà nínú ẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń yí, kò stáàtì. Ẹnì kan ti ní kí ìyá tó ni ín lọ ra páǹpù, ìyẹn ẹ̀rọ inú táǹkì tó ń ti epo lọ sí ẹ́ńjìnnì. Páǹpù kẹ̀! Ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdérí epo kẹ́ ẹ gbóòórùn ẹ̀ ná. Tó bá ń rùn bíi fánísì káfíńtà, epo yẹn ti kú.

Ó yá. Ìta gbangba la wà o, kì í ṣe inú gáréèjì. Ẹ yọ orí bátìrì, ẹsẹ̀ négátíìfù. Kò sí sìgá, kò sí jẹnẹrétọ̀, ìyá alákàrà ẹ̀gbẹ́ wa mo ti bẹ̀ wọ́n, wọ́n ti pa iná. Ẹ̀rọ paná rèé, garawa iyẹ̀pẹ̀ rèé.

Ẹ fa ìjókòó ẹ̀yìn sókè, á yọ. Ìdérí páǹpù nìyí. Ẹ gbá eruku orí ẹ̀ dànù kẹ́ ẹ tó tú u, àbí táǹkì tẹ́ ẹ fẹ́ fọ̀ lẹ fẹ́ da iyẹ̀pẹ̀ sí? Ẹ fi àkísà wé ẹnu họ́ọ̀sì epo kẹ́ ẹ tó tú u, díẹ̀díẹ̀ ni o, epo tó ṣì há sínú ẹ̀ lè ta síni lójú. Tú bóòtù, gbé páǹpù jáde. Ẹ wo nẹ́ẹ̀tì ìdí ẹ̀! Ẹ wo dúdú yẹn! Ẹni tó bá ra páǹpù tuntun sínú ìdọ̀tí yìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa padà wá.

A fẹ́ fa epo jáde báyìí. Páǹpù ọlọ́wọ́ táwọn tó ń ta kẹrosíìnì ń lò nìyí, kò wọ́n. Ẹ má fẹnu fà á. Mo máa tún un sọ, ẹ má fẹnu fà á! Epo tó bá gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pààyàn. Tẹ́nì kan bá ti gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má ní kó bì, ọsibítù tààrà.

Ẹ rọ díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀. Ṣẹ́ ẹ rí i? Epo lókè, omi nísàlẹ̀. Omi yìí ló ń jẹ́ kí táǹkì onírin dípáàrà.

Ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ẹ fi búlọ́ọ̀kù tì í lábẹ́, tú bẹ́líìtì tó gbé táǹkì dúró, yọ họ́ọ̀sì ẹnu ẹ̀, sọ táǹkì kalẹ̀. Ẹ mọ ìyẹn, ẹ jẹ́ ká yára.

Omi gbígbóná àti Omo, ẹ fọ̀ ọ́ títí òórùn epo á fi lọ. Ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sórí ìpáàrà, ibí gan-an ni mo ti gba àṣẹ. Àwọn kan máa ń da òkúta wẹ́wẹ́ sí i kí wọ́n máa mì í, òkúta á wá há sẹ́yìn àwọn ìgànná inú táǹkì, wọ́n á máa wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èmi, ṣéènì ni mo ń lò. Ṣéènì tó gùn tó apá, mo so wáyà mọ́ ìdí ẹ̀, mo ju ṣéènì sínú, wáyà wà níta, omi ọṣẹ ṣì wà nínú táǹkì torí irin lu irin máa ń ta iná, mo wá ní kí ọmọ iṣẹ́ di táǹkì mú kó máa gbọ̀n ọ́n. Tó bá tó, mo fa wáyà, gbogbo ẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹ lọ bi gbogbo mẹkáníìkì àdúgbò wa, wọ́n ti jí i lò! Ẹ̀yin onítáǹkì rọ́bà, ẹ má ju ṣéènì kankan sí i o, rọ́bà kì í dípáàrà.

Ìpáàrà tó bá kù, ẹ rọ fínígà funfun sí i, ó di ọjọ́ kejì. Dà á nù, fi omi tẹ́ ẹ po sódà kéèkì sí ṣàn án, torí oró fínígà á máa jẹ irin lọ ni. Kẹ́ ẹ wá fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ gbẹ kíá, kẹ́ ẹ yí epo tuntun díẹ̀ káàkiri inú ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́ á tún ti pọ́n.

Ẹnì kan bi mí nísàlẹ̀ fídíò tó kọjá pé táǹkì òun jò, ṣé kí wẹ́dà jó o. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́! Táǹkì tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ, èéfín epo inú ẹ̀ ló ń bú gbàmù. Ẹ lọ ra tòkúnbọ̀.

Kẹ́ ẹ tó dá a padà, ẹ fẹ́ páìpù epo láti iwájú wá sẹ́yìn, fíítà tuntun, nẹ́ẹ̀tì tuntun, rọ́bà ìdí páǹpù tuntun. Lítà mẹ́wàá tó láti dán an wò. Ẹ dá orí bátìrì padà, ẹ tan kọ́kọ́rọ́, ẹ pa á, ẹ tan án, ẹ pa á, kí epo lè gòkè, kẹ́ ẹ sì yọjú wo ìsàlẹ̀ bóyá ó ń jò, kẹ́ ẹ tó wá stáàtì ẹ̀.

Ẹ gbọ́ ọ! Ó á kọ́kọ́ rú èéfín díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Epo àtijọ́ yẹn, ẹ má dà á sí gọ́tà, ẹ má sì rọ ọ́ sí jẹnẹrétọ̀ yín, kábúrétọ̀ ni ẹ tún máa gbé wá bá mi. Èmi fi ń fọ páàtì ni. Ọmọ iṣẹ́, pa kámẹ́rà, kọ́sítọ́mà ń pè.