Ojú Tí Adájọ́ Fi Wo Àwọn Pueblo: Òfin, Òṣèlú àti Àwókù Puye

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, bí a bá sọ pé òṣèlú ń darí adájọ́, ohun tó máa ń wà lọ́kàn wa ni owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú. Ọ̀nà mìíràn wà tí òṣèlú ń gbà wọ inú ìdájọ́, tó ṣòro láti rí ju ìyẹn lọ: èrò tí adájọ́ ti ní nípa àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kó tó jókòó gbọ́ ẹjọ́. Ẹjọ́ méjì ni màá fi ṣàlàyé rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Amẹ́ríkà ló dá méjèèjì, lórí àwọn Pueblo, ìyẹn àwọn ọmọ ìbílẹ̀ New Mexico tí wọ́n ti ń fi amọ̀ àti òkúta kọ́ ilé alájà, tí wọ́n sì ti ń gbin àgbàdo, kí òyìnbó kankan tó fojú kan ibẹ̀.

Ní ẹjọ́ àkọ́kọ́, ní 1876, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Antonio Joseph ti lọ tẹ̀dó sórí ilẹ̀ àwọn ará Taos, ọ̀kan lára àwọn ìlú Pueblo. Òfin 1834 sọ pé ẹni tó bá tẹ̀dó sórí ilẹ̀ ẹ̀yà Indian, bí òyìnbó ṣe ń pe àwọn ọmọ ìbílẹ̀ náà, yóò san ìtanràn 1,000 dọ́là, ìjọba àpapọ̀ sì pè é lẹ́jọ́. Adájọ́ Samuel Miller, tó kọ ìdájọ́ náà, yin àwọn Pueblo gan-an: èèyàn àlàáfíà ni wọ́n, ó ní, wọ́n ń ṣiṣẹ́ kára, wọ́n lóye, wọ́n sì jẹ́ olóòótọ́. Nítorí ìdí èyí, wọn kì í ṣe irú Indian tí òfin náà ní lọ́kàn, òfin náà kò sì dáàbò bo ilẹ̀ wọn. Joseph mórí bọ́. Àwọn mìíràn tí ojú wọn ti wà lára ilẹ̀ náà kò tún rí ohun tí wọn yóò bẹ̀rù mọ́.

Ní ẹjọ́ kejì, tí ilé-ẹjọ́ náà dá ní 1913, wọ́n ti fẹ̀sùn kan Felipe Sandoval pé ó gbé ọtí wọ Santa Clara, tí òun náà jẹ́ ìlú Pueblo. New Mexico ti di ìpínlẹ̀ ní 1912, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìjọba àpapọ̀ sì ti sọ pé àfi kí ilẹ̀ Pueblo wà lábẹ́ òfin tó ka ọtí léèwọ̀ lórí ilẹ̀ Indian. Lọ́tẹ̀ yìí, Adájọ́ Willis Van Devanter kọ ọ́ pé èèyàn tí kò lajú, tí wọn kò dé ipò àwọn yòókù ni àwọn Pueblo, pé àṣà játijàti tí wọ́n jogún lọ́dọ̀ baba wọn àti ìgbàgbọ́ asán ló ń darí wọn, nítorí náà Indian tó nílò alágbàtọ́ ni wọ́n. Àwọn kan náà ni o! Ìyìn di èébú láàárín ọdún 37.

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ilé-ẹjọ́? Ìwé tí àwọn alábòójútó tí ìjọba rán lọ síbẹ̀ kọ ránṣẹ́ sí ọ̀gá wọn ni adájọ́ gbé ìdájọ́ lé. Ìjọba àti Sandoval ló ń bá ara wọn ṣẹjọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe jẹ́ ìjọba àti Joseph ní ìṣáájú. Àwọn Pueblo kì í ṣe olùpẹjọ́, wọn kì í sì í ṣe olùjẹ́jọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Èyí tilẹ̀ burú ju ìyẹn lọ, nítorí a kò gbọ́ tẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn rárá.

Ẹ̀rí pé àwọn Pueblo kì í ṣe aláìlajú wà nílẹ̀ nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Puye, àwókù ìlú tí àwọn ará Santa Clara ń pè ní ti baba ńlá wọn. Àpáta ibẹ̀ rọ̀, eérú òkè oníná ló dì di òkúta, wọ́n sì gbẹ́ yàrá sínú rẹ̀, wọ́n wá fi òkúta kọ́ ilé mìíràn sí iwájú yàrá náà. Ilé iwájú ti wó, ṣùgbọ́n ihò tí wọ́n ti orí ìtì igi àjà bọ̀ ṣì tò lọ lára ògiri àpáta ní ìlà tààrà. Àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta, tó gba ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan, ti jin wọnú nítorí ọ̀pọ̀ ìran ló tẹ̀ ẹ́. Lókè pátápátá ni ilé ńlá kan wà tó yí gbàgede ká. Àwọn tí kò lè pé jọ kí wọ́n fẹnu kò kò lè kọ́ irú ìlú bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 1580 ni wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì Rio Grande.

Awalẹ̀pìtàn kan, Edgar Lee Hewett, ti walẹ̀ ní Puye ní 1907, ọdún mẹ́fà ṣáájú ìdájọ́ Sandoval. Òun kan náà ló kọ àbá tó di òfin 1906 lórí ohun àtijọ́. Ìjọba kan náà tó ń ṣọ́ àwókù baba wọn bí ohun iyebíye ni ó ń pe àwọn ọmọ ní aláìlajú. Àwọn awalẹ̀pìtàn pàápàá kò mọ́wọ́mẹsẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí ó pẹ́ tí àwọn kan fi ń sọ fún aráyé pé ńṣe ni àwọn tó kọ́lé sí ìsàlẹ̀ àpáta Mesa Verde, ní Colorado, pòórá. Ìgbà tí A. E. Douglass fi òrùka inú igi, tí igi ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kún lọ́dọọdún, mọ ọjọ́ orí àwọn àwókù náà ní 1929 ni ó hàn pé ọ̀dá ńlá kan jà láti 1276 sí 1299, àkókò tí àwọn èèyàn ń kó kúrò níbẹ̀ lọ sí gúúsù àti ìlà-oòrùn. Àwọn Pueblo kò sì yéé sọ ọ́ pé àwọn kò pòórá, pé ṣe ni àwọn ṣí lọ.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìyìn 1876 ló ṣí ilẹ̀ wọn sílẹ̀ fún àwọn tó ń gba ilẹ̀ onílẹ̀, èébú 1913 ló sì mú kí ó ṣeé gbà padà, títí dé òfin ilẹ̀ Pueblo ti 1924. Ṣùgbọ́n ààbò tí a rí nípa pé adájọ́ tẹ́ni lógo, mi ò lè pè é ní ìdájọ́ òdodo. Òfin 1924 gan-an kì bá tí rí bẹ́ẹ̀ bí àwọn Pueblo kò bá pé jọ ní Santo Domingo, ìlú Pueblo mìíràn, ní oṣù Kọkànlá 1922, tí wọ́n fẹnu ara wọn tako àbá òfin kan tí yóò gbé ilẹ̀ náà fún àwọn tó gbà á.

Taos náà kò dákẹ́. Ní 1906, ọdún òfin ohun àtijọ́ yẹn, ìjọba sọ Blue Lake, adágún mímọ́ wọn, di igbó ọba. Ní 1965, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀dùn àwọn ọmọ ìbílẹ̀ gbà pé wọ́n rẹ́ wọn jẹ, ṣùgbọ́n owó nìkan ni ìgbìmọ̀ náà lágbára láti fún wọn. Wọ́n kọ owó náà. Ní 1970, Juan de Jesús Romero, olórí ẹ̀sìn Taos, ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún tàbí ó súnmọ́ ọn nígbà tó dìde lọ sí Washington láti sọ tẹnu wọn, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí òfin tó dá adágún náà àti 48,000 éékà ilẹ̀ padà fún wọn.