Ta Ni Ẹja Yìí? Kámẹ́rà Àwọn Amòòkùn Nínú Iṣẹ́ Sáyẹ́ǹsì

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin olùgbọ́ wa. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá àgbà méje ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Nouméa ni wọ́n ń gbé, olú-ìlú New Caledonia, àwọn erékùṣù tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Faransé ní òkun Pàsífíìkì. Gbogbo wọn ti lé ní ọgọ́ta ọdún, àwọn mìíràn ti wọ àádọ́rin. Etíkun Baie des Citrons ni wọ́n ti máa ń lúwẹ̀ẹ́, níbi tí tọmọdé tàgbà ti ń ṣe fàájì. Inú omi yẹn kan náà ni ejò òkun olóró kan ń gbé, tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní Hydrophis major. Claire Goiran, olùkọ́ ní yunifásítì ibẹ̀, àti Rick Shine láti Ọsirélíà ń ṣèwádìí nípa ejò náà, èrò wọn sì ni pé kò pọ̀ níbẹ̀. Ní 2017, àwọn ìyá wa gbé kámẹ́rà, wọ́n wọ bàtà lẹ́bẹ́, wọ́n ní àwọn á bá wọn wá a. Nígbà tí ìwádìí náà fi máa jáde nínú ìwé ìròyìn Ecosphere ní 2019, ejò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n ti yà ní etíkun yẹn ti lé ní 140.

Mo rí i pé ẹ ń mi orí nítorí ìyá àgbà tó ń tọpa ejò. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ta ló sọ fún wọn pé ejò 140 ni, tí kì í ṣe ogún ejò tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀méje-méje? Àwòrán ni. Ọnà ara ejò kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, pàápàá níbi ìrù. Ilà àbàjà máa ń sọ ìdílé tí èèyàn ti wá. Àmì tí mò ń wí yìí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀dá náà fúnra rẹ̀ ló ń fi hàn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé fọ́tò tó wúlò fún sáyẹ́ǹsì kì í sábà jẹ́ èyí tó dùn ún wò. Ẹ wo whale shark, ẹja tó tóbi jù lọ láyé. Ekurá ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èèyàn léṣe. Ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú omi ló ń sẹ́ jẹ. Àmì funfun róbótó-róbótó kún ẹ̀yìn rẹ̀. Láti 1995 ni Brad Norman, onímọ̀ nípa ẹ̀dá inú òkun, ti ń kó fọ́tò wọn jọ ní Ningaloo, ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà. Nígbà tí fọ́tò pọ̀ ju ohun tí ojú lásán lè fi wéra, Jason Holmberg tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti Zaven Arzoumanian tó jẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀ bá a dá sí i. Wọ́n yá ìṣirò kan tí onímọ̀ ìràwọ̀ mìíràn, Groth, ṣe ní 1986 láti fi bá àwòrán ìràwọ̀ méjì mu: ẹ fi ìlà so àmì mẹ́ta-mẹ́ta pọ̀ di igun mẹ́ta, kí ẹ wá igun mẹ́ta tó bá a mu nínú fọ́tò kejì. Ẹja di ojú ọ̀run.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ òsì kò jọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Bí ẹnì kan bá ya òsì, tí ẹlòmíràn ya ọ̀tún, wọn kò ní mọ̀ pé ẹja kan náà ni. Wọ́n bá fẹnu kò sí apá òsì, lẹ́yìn ihò tí ó fi ń mí. Arìnrìn-àjò tó ya ẹnu ẹja náà ní gbàgadà ti rí fọ́tò fún Facebook. Òun àti sáyẹ́ǹsì kò tíì pàdé.

Ẹgbẹ́ Reef Life Survey, tó bẹ̀rẹ̀ ní Tasmania, erékùṣù kan ní Ọsirélíà, ní 2007, gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n á kọ́kọ́ kọ́ olùyọ̀ǹda dáadáa. Lẹ́yìn náà, á na tépù 50 mítà sórí àpáta abẹ́ omi, á ka gbogbo ẹja tó wà ní mítà márùn-ún sọ́tùn-ún àti sósì. Á tún padà yẹ ihò àti kọ̀rọ̀ wò ní ìwọ̀n mítà kan péré, nítorí akàn, ìgbín òkun àti ẹja tó ń sá pamọ́. Á wá dojú kámẹ́rà kọlẹ̀, á máa ya fọ́tò ní mítà méjì ààbọ̀ síra, kó fi pé ogún. Òkúta, iyùn (ẹ̀dá abẹ̀mí tó ń dàgbà sórí àpáta abẹ́ òkun) àti ewé òkun ló máa ń pọ̀ nínú wọn. Ta ni yóò fi irú ẹ̀ sórí ògiri? Síbẹ̀, bí iyùn bá ń kú tí ewé ń gbapò rẹ̀, ẹja lè má tíì kúrò, fọ́tò ilẹ̀ yóò ti sọ. Ní 2023, Graham Edgar tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pa irú àkọsílẹ̀ yìí pọ̀ mọ́ ti àwọn onímọ̀ mìíràn nínú ìwé ìròyìn Nature. Irú ẹ̀dá 1,057 ni wọ́n yẹ̀ wò yí Ọsirélíà ká. Èyí tó dín kù láàárín ọdún mẹ́wàá lé ní ìdajì.

Iṣẹ́ náà ní àléébù. Amòòkùn fẹ́ràn omi tó mọ́ àti ẹja tó ń dán. Bí fọ́tò bá pọ̀ níbì kan, ó lè jẹ́ pé òtẹ́ẹ̀lì ló pọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ẹja. Ẹni tó sì fi bàtà lẹ́bẹ́ fọ́ iyùn nítorí àtiya ẹja inú rẹ̀, kí ló kù tó ń ṣọ́?

Nígbà ìbéèrè, ọ̀dọ́kùnrin kan ní, "Ọ̀gá, Èkó wa ńkọ́, sà?" Mo ní ká sọ òótọ́: omi Ọ̀sà ṣókùnkùn. Àwọn tó ń mòòkùn kó yanrìn níbẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń táràrà. Ṣùgbọ́n ìjàpá òkun ń yé ẹyin sí etí òkun wa, àwọ̀n apẹja sì ń mú wọn. Ọnà ìpẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn yàtọ̀ síra, ti òsì kò sì jọ ti ọ̀tún. Kí ẹ tó dá a padà sómi, ẹ ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, kí fóònù yín ti mọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ wà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí iNaturalist, ìkànnì tí aráàlú ti ń fi fọ́tò ẹ̀dá abẹ̀mí hàn. Ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá kan láti ẹ̀yìn béèrè bóyá kí àwọn tan fílàṣì. "Ẹ pa á, mà," ni mo wí. Bó bá jẹ́ òru ni ìjàpá gòkè wá yé ẹyin, ìmọ́lẹ̀ lè lé e padà sínú òkun láì tíì yé e.