Ọwọ́ Tó Di Irin Mú

Ọkùn o, ẹ̀yin ará Kàbà. Ẹ wo ife méjì orí tábìlì yìí. Omi ewé gúáfà tí a sè láàárọ̀ ló wà nínú méjèèjì. Kí a tó gbàdúrà ni mo ti ju ìṣó tó dípẹtà sínú ọ̀kan. Ẹ wò ó báyìí, ó ti dúdú bíi tàdáwà! Àwọn èròjà inú ewé ló pagbo yí irin ká, tí wọ́n dì í mú. Àpapọ̀ bẹ́ẹ̀ là ń pè ní complex. Ohun tó di irin mú ni lígáńdì. Alfred Werner, onímọ̀ kẹ́místrì, ló tú u palẹ̀ ní 1893, ó sì gba Ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1913.

Lígáńdì mìíràn, bí amóníà, ọwọ́ kan ló ní. Èyí tó bá ní méjì sókè ló ń dá chelate sílẹ̀, orúkọ tí wọ́n fa yọ láti ara ọwọ́ akàn lédè Gíríìkì. Ẹni tí akàn ti há lọ́wọ́ rí létí odò kò nílò àlàyé. Ní Zamfara ní 2010, òjé inú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ nínú ilé pa ọmọdé tó lé ní 400. Oògùn tó jẹ́ irú lígáńdì ọlọ́wọ́ púpọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fún àwọn tó kù: ó gbá òjé mú nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì bá a jáde nínú ìtọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa góòlù ní Ìsánlú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ òkúta nílé.

Ṣíṣe complex kò le. Ẹ yọ́ iyọ̀ bàbà, ẹ yọ́ lígáńdì, ẹ pò wọ́n lórí iná, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a. Ìbéèrè tó le ni pé: kí lẹ rí? Àwọ̀ tó yí padà kò tó ẹ̀rí. Ẹ gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ infrared, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí yẹ ìdè inú èròjà wò: bí àmì ìdè kábọ́ọ̀nù àti náítírójìn inú lígáńdì, tó máa ń wà ní nǹkan bíi 1,600 lórí ìwọ̀n ẹ̀rọ náà (cm⁻¹), bá yẹ̀ kúrò ní ààyè rẹ̀, bàbà ti dì í mú nìyẹn.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jà ni ti dídán an wò bóyá complex ń pa bakitéríà. Èmi náà ṣe é rí. Òrùka tó mọ́, níbi tí bakitéríà kò ti lè hù, yí complex mi ká nínú àwo, mo ń yọ̀. Ọ̀gá mi ní, "Iyọ̀ bàbà nìkan ńkọ́?" N kò dán an wò. Nígbà tí mo dán an wò, òrùka rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tèmi dọ́gba! Bàbà ló ń pa kòkòrò látọjọ́ yìí. Lígáńdì tí mo fi oṣù mẹ́ta ṣe kàn jókòó ni.

Barnett Rosenberg, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, béèrè irú ìbéèrè yẹn ní Amẹ́ríkà. Ó ń fi iná mànàmáná dán bakitéríà wò, wọn kò pín mọ́, wọ́n ń gùn bí okùn. Iná kọ́: platinum, irin olówó iyebíye, tó yọ́ lára wáyà rẹ̀ ló di complex. Ó gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1965. Ní 1978, cisplatin, ọ̀kan nínú irú complex platinum bẹ́ẹ̀, di oògùn jẹjẹrẹ. Amóníà méjì inú rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Ẹ gbé wọn kọjú síra, èròjà kan náà ni, kò sì wúlò fún jẹjẹrẹ mọ́.

Màmá kan béèrè lẹ́yìn bóyá omi dúdú yìí yóò wo inú rírun ju omi ewé lásán lọ. Mo ní, "Màmá, a ò tíì dán ìṣó nìkan wò." Mo sì da ife náà nù.