Níbo ni "OK" ti wá?

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin òǹwòran wa. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti sọ "OK" láti àárọ̀?

Ohùn ló ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ìyá bá rán ọmọ níṣẹ́, tọ́mọ ní "OK" wéré, ó ti gbà nìyẹn. Tó bá wá fà á, "oo-kéèè", ìyá á bi í pé kí ló ń kùn sí. Bí ọ̀gá bá ti OK ìwé yín, ó ti fọwọ́ sí i. Bí ẹni tó ń ṣàìsàn bá ní òun wà OK, kò túmọ̀ sí pé ara rẹ̀ ti le. Ó kàn sàn díẹ̀ ni. Tí wọ́n bá sì fi "K" nìkan fèsì lórí fóònù, ẹ tètè lọ bẹ̀bẹ̀.

Àwọn kan ní èdè àwọn Choctaw, onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ti wá. Àwọn mìíràn ní Wolof ni, láti Senegal. Ó wù mí gan-an kó jẹ́ ti Áfíríkà, àmọ́ ibòmíràn ni ẹ̀rí tọ́ka sí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Allen Walker Read, onímọ̀ èdè ọmọ Amẹ́ríkà, ló tú u dé gbòǹgbò láàárín 1963 sí 1964. Ó bá a nínú ìwé ìròyìn Boston Morning Post, ti ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ti ọjọ́ 23 oṣù Kẹta, ọdún 1839. Láyé ìgbà yẹn, àwọn oníròyìn Boston máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ kọ fún ẹ̀rín, wọ́n á wá mú lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìkan. "All correct", ìyẹn ni pé gbogbo rẹ̀ pé, wọ́n kọ ọ́ ní "oll korrect". O àti K ló ṣẹ́ kù. "All right" náà, tí wọ́n kọ ní "oll wright", di O.W.

Ta ló tún ń sọ O.W. lónìí? Ìbò ọdún 1840 ló gba OK là. Ààrẹ Amẹ́ríkà, Martin Van Buren, fẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ Kinderhook ni, ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n sì ń pè é ní Old Kinderhook, bí ẹni ń sọ pé Bàbá Kinderhook. Àwọn èèyàn rẹ̀ dá ẹgbẹ́ O.K. sílẹ̀. Àwọn alátakò náà gbé e sẹ́nu: wọ́n ní Andrew Jackson, ààrẹ tó ṣáájú Van Buren, ló ń kọ "all correct" bẹ́ẹ̀ torí kò mọ̀wé kọ. Van Buren fìdí rẹmi, William Henry Harrison wọlé, ṣùgbọ́n lẹ́tà méjì yẹn ti wà lẹ́nu gbogbo ìlú.

Tí ẹ bá dé Brazil, ẹnu ni kẹ́ ẹ fi sọ ọ́. Ẹ má ṣe fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ṣe òrùka, ìyẹn àmì OK, sí ẹnikẹ́ni: èébú ńlá ni wọ́n kà á sí níbẹ̀.