Sódíọ̀mù tó já wálẹ̀: ọbẹ̀ tó tẹ́ kọ́ ló fà á o

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ká ní màmá àgbà kan wà nílé yín, wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ wọ́n ti ń pe ọmọ wọn lórúkọ àbúrò wọn tó ti kú, wọ́n wọ bàtà sódì, wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn, èébì ṣáá. Ẹnì kan á ní ọjọ́ ogbó ni, ẹlòmíì á ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ wọn lọ́sibítù, ó lè jẹ́ pé sódíọ̀mù wọn, ìyẹn èròjà inú iyọ̀ tó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀, ti já wá sí 118.

135 sí 145 mílímóòlù nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan ló yẹ kó wà. Tó bá ti wá sábẹ́ 125, wàhálà ti dé.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nínú ara? Ẹ bu gàárì sí kọ́ọ̀bù, ẹ da omi sí i, ẹ wá dé e pa. Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé ó máa wú? Sódíọ̀mù ló ń fa omi mọ́ra nínú ẹ̀jẹ̀, tó bá ti kéré, omi á máa wọnú àwọn sẹ́ẹ̀lì lọ, wọ́n á sì máa wú. Ibòmíì lára láyè, àmọ́ inú agbárí ni ọpọlọ wà, agbárí ò sì lè fẹ̀. Ìyẹn ni orí fi ń fọ́, téèyàn á máa sọ̀sọkúsọ, á máa sùn ṣáá, tó bá le gan-an gìrì á gbé e, ó sì lè kú. Kódà èyí tí ò le máa ń jẹ́ kí àwọn àgbà máa ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀, kí wọ́n ṣubú.

Omi tó pọ̀ ju iyọ̀ lọ ló sábà máa ń fà á. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú èèyàn tọ̀, bíi hydrochlorothiazide, wà níbẹ̀ dáadáa, àìsàn ọkàn, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ náà ń bẹ. Níbi eré ìje Boston Marathon ti 2002, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn sárésáré 488 wò, nínú 100, bíi 13 ni sódíọ̀mù wọn ti lọ sílẹ̀, àwọn tó mu omi débi pé wọ́n tún wúwo sí i lẹ́yìn eré gan-an ló pọ̀ jù níbẹ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń fi àtẹ́lẹwọ́ rọ ọmọ lómi, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tí ò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú tó o. Kíndìnrín ẹ̀ ò tíì lè tọ omi yẹn dànù, omi ọ̀hún sì lè fa gìrì.

Ẹ má wá lọ máa po iyọ̀ mu o, ṣẹ́ ẹ rántí 2014 tí wọ́n ní omi iyọ̀ ń lé Ebola, àwọn kan bá a lọ. Àwọn dókítà gan-an, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbé sódíọ̀mù sókè, wọn kì í jẹ́ kó ju nǹkan bí 8 sí 10 lọ ní wákàtí 24, tí wọ́n bá sáré ṣe é ọpọlọ lè bàjẹ́. Ti ìgbẹ́ gbuuru yàtọ̀: pure water 50cl méjì, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí ò ga, ẹ pò ó kó yòrò.

Tẹ́ ẹ bá wá ń gbé màmá lọ sọ́sibítù, gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò, títí kan èyí tí wọ́n fúnra wọn rà ní kẹ́mísìtì, ẹ kó o sínú nylon, ẹ mú un dání.