Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Gílóòbù Iná Iwájú Ọkọ̀ Yín

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ wo ọwọ́ mi. Gílóòbù méjì nìyí. Ti ọwọ́ ọ̀tún ni èyí tó bá ọkọ̀ mi wá láti òkè òkun, orí rẹ̀ ti dúdú díẹ̀. Ti ọwọ́ òsì yìí, LED ni. Lágéré ni mo ti rà á, níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ funfun báláú, alẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tàn án, inú mi dùn dọ́ba. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo fi lò ó tí mo fi yọ ọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Mo ń bọ̀ láti Oǹdó lálẹ́ ọjọ́ kan. Gbogbo ọkọ̀ tí mo pàdé ló ń ṣẹ́ iná sí mi. Mo rò pé wọ́n ń ta mí lólobó pé ọlọ́pàá wà níwájú ni. Mo dín eré kù, mi ò rí ọlọ́pàá kankan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá kan ládùúgbò wa, tó ti ń fi bọ́ọ̀sì ná ọ̀nà Oǹdó láti ìgbà tí mo wà ní ilé ìwé, wá kan ilẹ̀kùn wa. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ lò ń bọ̀ láti Oǹdó lánàá? Ìgbà tí o kọjá tán ni mo tó dá ọkọ̀ rẹ mọ̀. Kí o tó kọjá, n ò rí nǹkan kan níwájú mi. N ò rí títì, agbára káká ni mo fi rí etí ọ̀nà. Èrò mẹ́rìnlá ló wà lẹ́yìn mi." Wọn ò pariwo mọ́ mi. Ẹ̀rọ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ ló jẹ́ kó wọ̀ mí lára.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ń sá eré 80 kìlómítà ní wákàtí kan, mítà 22 ló ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí iná mi bá fọ́ bàbá lójú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré, wọ́n ti wa ọkọ̀ ní nǹkan bíi mítà 66 láìríran. Bí wọ́n bá sì yà bàrá sí ọ̀dọ̀ mi ńkọ́? Iná tí mo rà kí n lè ríran ni ìbá pa mí.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má pààrọ̀ iná o. A mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí. Ewúrẹ́ á já wọ títì, ọ̀kadà á máa bọ̀ láìtan iná, tírélà á bàjẹ́, wọ́n á kàn já ewé lé ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ń rin ìrìn òru nílò ìmọ́lẹ̀ gidi. Ṣùgbọ́n ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà ń balẹ̀ sí ni kí a kọ́kọ́ wò, ká tó wo bó ṣe pọ̀ tó.

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Gílóòbù hálójẹ̀n, ìyẹn irú tó ń fi wáyà tó gbóná tàn, nìyí; H4 ni wọ́n ń pè é. Ó ti wà láti nǹkan bí 1971, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ṣì ń lò ó. Wáyà tín-ín-rín méjì ló wà nínú rẹ̀: ọ̀kan fún fúù-láìtì, wáàtì 60, ọ̀kan fún iná ìsàlẹ̀, wáàtì 55. Ẹ wo abẹ́ wáyà iná ìsàlẹ̀ yìí. Ẹ rí ife irin kékeré tó gbé e? Ife yẹn ni ọ̀gá. Òun ló ń dí ìmọ́lẹ̀ tí ì bá lọ sókè lọ́nà, kó má bàa bọ́ sójú ẹni tó ń bọ̀. Àwo dídán tó wà lẹ́yìn gílóòbù ló wá ń gba ìyókù, tó ń tẹ́ ẹ sórí títì. Àwọn tó ṣe àwo náà ti wọn ibi tí wáyà yẹn máa wà, débi pé bó bá yẹ̀ ní mìlímítà kan tàbí méjì, ìmọ́lẹ̀ á fọ́n ká.

Ẹ wá wo LED. Kò ní wáyà. Ègé iná pẹlẹbẹ ló lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, irin sì wà láàárín wọn. Ìmọ́lẹ̀ ò jáde láti ibi tí àwo ń retí rẹ̀. Ohun tó tẹ̀lé e nìyẹn: iwájú ọkọ̀ gan-an á mọ́lẹ̀ yòò, awakọ̀ á ní òun ra ọjà tó dáa, àmọ́ ọ̀nà jíjìn tó yẹ kó rí á ṣókùnkùn, èyí tó kù nínú ìmọ́lẹ̀ á sì bọ́ sójú ẹlòmíì. LED tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ kò ní wàhálà yìí, nítorí pé wọ́n ṣe àwo àti iná pọ̀ ni. Síńọ̀n, irú gílóòbù mìíràn tó ń fi gáàsì tàn dípò wáyà, tí wọ́n ń já wọ inú àwo hálójẹ̀n, ìwà kan náà ló ń hù, tiẹ̀ gan-an tún le.

Ẹ̀kejì ni ti wáàtì. Àwọn kan á sọ pé àwọn ò fẹ́ LED, gílóòbù hálójẹ̀n tó jẹ́ wáàtì 100 làwọn fẹ́. Ríwáyà kan tí mo mọ̀ ní Iléṣà ní agolo mílíìkì kan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó kún fún sọ́kẹ́ẹ̀tì tó yọ́ bí ìda. Wáàtì 55 lórí fóólútì 12 ń fa iná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ampere 5. Wáàtì 100 ń fa ju 8 lọ. Wáyà àti swíìṣì tí wọ́n ṣe fún àkọ́kọ́ á gbóná, sọ́kẹ́ẹ̀tì á yọ́, ooru á ba àwo jẹ́. Àwọn mìíràn á tún yọ fíúùsì kúrò, wọ́n á fi èyí tó tóbi sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Fíúùsì ni ẹ̀ṣọ́ tó ń kú kí ọkọ̀ má bàa jóná.

Níbi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi nìyí, torí ibẹ̀ ni owó yín wà. Ọ̀pọ̀ iná tí a ń pè ní iná tí kò tàn mọ́, gílóòbù kọ́ ló ṣe é.

Ẹ wo gíláàsì iwájú iná. Rọ́bà líle ni lára àwọn ọkọ̀ òde òní. Oòrùn ilẹ̀ wa ti jẹ ojú rẹ̀, ó ti di yẹ́lò, ó ṣú bí ojú arúgbó tí kò ríran dáadáa mọ́. Bí ẹ bá fi gílóòbù tó mọ́lẹ̀ jù lọ sẹ́yìn nǹkan báyìí, ìmọ́lẹ̀ á kàn fọ́n ká nínú rẹ̀ ni. Ẹ ra sáńpépà, bébà tí wọ́n fi ń ha nǹkan dán, nọ́ńbà 1000, 2000 àti 3000. Ẹ fi téèpù bo ọ̀dà ọkọ̀ tó yí iná ká. Ẹ máa da omi sí i, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1000, kí ẹ tó bọ́ sí èyí tó kúnná. Lẹ́yìn náà, ẹ fi pọ́líìṣì dán an. Ẹ rí i pé ẹ kun oògùn tí kì í jẹ́ kí oòrùn jẹ ẹ́ lé e lórí, nítorí láìsí ìyẹn, láàárín oṣù díẹ̀ á tún padà di yẹ́lò. Ọṣẹ ìfọyín tí àwọn èèyàn ń fi nù ún máa ń dán an díẹ̀, àmọ́ kì í pẹ́ rárá.

Ẹ tún ní kí ríwáyà fi mítà wọn iná tó dé sọ́kẹ́ẹ̀tì gan-an, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí iná sì wà ní títàn. Bí ohun tó dé ibẹ̀ bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín, ìmọ́lẹ̀ gílóòbù hálójẹ̀n á fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dín. Ìpẹta tó wà níbi tí wáyà ilẹ̀ ti kan ara ọkọ̀ ló sábà máa ń fà á. Mo rí i lára ọkọ̀ tèmi. Ríwáyà ha ibẹ̀ mọ́, ó dè é padà. Ohun tí mo san fún un ò tó ìdajì owó LED tí mo rà.

Bí ẹ bá ti ṣe èyí tán tí ẹ ṣì fẹ́ gílóòbù tuntun, ẹ ra hálójẹ̀n tó jẹ́ irú kan náà, wáàtì kan náà. Ara gílóòbù àtijọ́ ni ẹ ó ti ka irú rẹ̀: H4, H7, H11, tàbí 9005 àti 9006 tó wà lára ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Àwọn kan wà tí wọ́n dìídì ṣe kí wọ́n mọ́lẹ̀ sí i láìfi wáàtì kún un. Wọ́n dáa, àmọ́ wọn kì í pẹ́ tó àwọn ti tẹ́lẹ̀. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì papọ̀. Ẹ má fọwọ́ kan gíláàsì rẹ̀, torí òróró ọwọ́ á jẹ́ kí ibẹ̀ gbóná ju ibòmíràn lọ, á sì fọ́. Ẹ sì ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n kun búlúù sí lára. Búlúù yẹn ń dí ìmọ́lẹ̀ kan mọ́lẹ̀ ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ títún ibi tí iná ń kọjú sí ṣe, èyí tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í bá wa ṣe. Mo ṣe tèmi lẹ́yìn ilé wa. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí iná jìnnà sí ògiri ní mítà 10. Ẹ wo atẹ́gùn táyà kó pé. Ẹ wọn gíga àárín iná láti ilẹ̀, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri ní gíga kan náà. Ẹ tún fa ìlà kejì, sẹ̀ǹtímítà 10 sísàlẹ̀ ti àkọ́kọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ tan iná ìsàlẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti parí lókè gbọ́dọ̀ wà ní ìlà kejì. Bó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdè kan wà lẹ́yìn iná tí wọ́n fi ń yí i sílẹ̀. Tèmi fi ìka mẹ́rin ga jù, mi ò sì mọ̀ ọ́n láti ọdún tí mo ti ra ọkọ̀ náà.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ. Ọwọ́ ọ̀tún ni à ń wakọ̀ ní Nàìjíríà láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. Iná ìsàlẹ̀ tó dáa máa ń gbé ojú díẹ̀ sókè ní etí ọ̀nà, níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn. Bí wọ́n bá ti ìlú tí wọ́n ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ òsì mú àwo iná wá, irú bíi Gẹ̀ẹ́sì tàbí Japan, ọwọ́ òsì ló máa gbé ojú sókè sí, ìyẹn ojú ẹni tó ń bọ̀ gan-an. Ẹ wo ara gíláàsì iná: bí ẹ bá rí lẹ́tà E nínú òbìrí, tí ọfà kan ṣoṣo sì wà pẹ̀lú rẹ̀, ti ọwọ́ òsì ni. Bí kò bá sí ọfà, tàbí tí ọfà bá kọjú síhìn-ín sọ́hùn-ún, a lè lò ó. Bí ẹ bá ń ra àwo iná àlòkù lọ́jà, ẹ kà á kí ẹ tó sanwó.

Òfin ńkọ́? Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, tó ti wà láti 1988, ní ẹ̀ṣẹ̀ iná nínú ìwé wọn. LSV, ìyẹn rírú òfin iná àti àmì, ni wọ́n máa ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, 2,000 náírà sì ni ìtanràn rẹ̀ lórí ìwé ìtanràn tí wọ́n ti ń lò bọ̀. Iná kan tó kú wà nínú rẹ̀. Iná iwájú gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì tó tàn dọ́gba. Bí a bá pàdé ọkọ̀ mìíràn, a gbọ́dọ̀ sọ fúù-láìtì kalẹ̀. Iná tó ń ṣẹ́jú, pàápàá búlúù àti pupa, ti àwọn ọkọ̀ pàjáwìrì ni, kò sí ohun tó kan ọkọ̀ ilé nínú rẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, láti 2021, ọkọ̀ tí wọ́n bá fi LED tàbí síńọ̀n sí àwo hálójẹ̀n rẹ̀ kì í yege àyẹ̀wò ọdọọdún. Jámánì gbà LED kan láàyè ní 2020, àmọ́ ọkọ̀ tí wọ́n bá ti yẹ̀ wò pẹ̀lú rẹ̀ nìkan ló lè lò ó. Àwọn ìlú tí ń ṣe ọkọ̀ ló ń ṣọ́ra báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ ní ìdájí, ẹ mọ kùrukùru tó máa ń bo àwọn òkè lápá Ẹ̀rìn. Ẹ má tan fúù-láìtì níbẹ̀. Ìkùukùu á da ìmọ́lẹ̀ náà padà sójú yín, ògiri funfun lẹ ó máa rí. Iná ìsàlẹ̀ ni, kí eré sì dínkù.

Bí ẹlòmíràn bá wá fọ́ yín lójú lálẹ́ ńkọ́? Ẹ má fi fúù-láìtì dá a lóhùn. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, afọ́jú méjì ló ń wakọ̀ pàdé ara wọn yẹn. Ẹ ṣẹ́ iná sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, kí ẹ yí ojú sí etí títì lọ́wọ́ ọ̀tún, kí ẹ máa fi ìlà funfun ibẹ̀ ṣe amọ̀nà títí tó fi máa kọjá. Bí kò bá sí ìlà, ẹ tẹ̀ lé ibi tí ọ̀dà ti pàdé koríko. Bàbá oníbọ́ọ̀sì ló kọ́ mi ní èyí, láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, lẹ́nu ọ̀nà wa. Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn nígbà tí mò ń bọ̀.