Ogun Wà Nínú Ìṣẹ́gun

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ kú ọyẹ́ yìí.

"Ṣùgbọ́n ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ẹni tí ó fi ìṣẹ́gun fún wa nípa Olúwa wa Jésù Kristi." (1 Kọ́ríńtì 15:57)

Ìró igi ló jí mi láàárọ̀ yìí. Ìyá àgbà ilé wa ń ṣẹ́ igi tí wọn yóò fi gbé omi ẹ̀kọ kaná. Wọ́n fi orúnkún tì í, wọ́n fa orí rẹ̀ méjèèjì, pá! Ó dá sí méjì. Ọ̀kan tútù láàárín wọn, ńṣe ló ń tẹ̀. Wọ́n jù ú síta, wọ́n ní kó lọ yá oòrùn.

Ṣẹ́ yìí náà ló pàdé ogun tó di ṣẹ́gun, tó wá di ìṣẹ́gun. Àárín ọ̀rọ̀ náà gan-an ni ogun wà. Ẹni tí kò bá ogun pàdé, kí ni yóò ṣẹ́? (Ẹ má ṣì í pè o. Oògùn ló wà nínú ìṣègùn. Mo ti rí pátákó ìsọjí tí wọn kò fi àmì sí, n kò sì mọ èwo ni wọ́n ní ká wá gbà.)

Ó yẹ kó tètè yé àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn baba wa sọ pé àtìmọ́lé Aláàfin ni Ògúnlọlá ọdẹ wà nígbà tí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń da Ọ̀yọ́ láàmú. Ẹlẹ́wọ̀n ni, kì í ṣe balógun, òun ló sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ. Orí ọ̀tá ló gbé wálé: Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, tó di Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́nu wa. Dáfídì náà, ọmọ darandaran, orí Gòláyátì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú Sọ́ọ̀lù (1 Sámúẹ́lì 17:57).

Ogun tìrẹ lè jẹ́ owó ilé tó ti pé, tàbí ọmọ tí kì í gbé fóònù mọ́. Pè é lórúkọ, ká gbàdúrà.

Baba, ọpẹ́ ni fún ogun tí o ti ṣẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Olúwa, ohun tó dojú kọ ilé mi lónìí, ṣẹ́ ẹ bí igi gbígbẹ, ní orúkọ Jésù.

Baba, èyí tó ṣì tútù, má jẹ́ kó rẹ̀ mí kó tó gbẹ. Àmín.